Ṣé igi ló ń jó ni, àbí owó? Búlọ́ọ̀kù igi nínú bọ́ílà ìta

Ìbéèrè

Ilé tí èmi àti ọkọ mi rà ní ìgbèríko Minnesota ní bọ́ílà igi kan tó dúró sí ẹ̀yìnkùlé. Omi tó ń gbóná nínú rẹ̀ ló ń gba páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọlé láti fún wa ní ooru. Ẹni tó ta ilé náà fún wa fi igi sílẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tíì gbẹ, ìgbà òtútù sì ti ń kanlẹ̀kùn. Ìsọ̀ kan nítòsí wa ń ta búlọ́ọ̀kù igi, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó tẹ̀ pọ̀ bíi bíríkì, wọ́n sì sọ fún wa pé tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kọ́ọ̀dù kan gbáko, ìyẹn òkìtì igi tí wọ́n fi ń wọn igi ìdáná níbí. Aládùúgbò wa ọ̀tún ní ká má dán an wò, pé yóò ba bọ́ílà jẹ́. Ti òsì ní òun kò sun nǹkan mìíràn mọ́. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú òtútù ilẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

* * *

Ìdáhùn

Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó purọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Búlọ́ọ̀kù igi kì í ba bọ́ílà jẹ́ bí ẹni tó ń sun ún bá mọ ìwọ̀n. Àpò ẹni tí kò ṣírò kó tó rà á ló máa ń bà jẹ́. Èrò tèmi, tí n ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ni pé nínú bọ́ílà ìta ti àtijọ́, ẹ máa fi búlọ́ọ̀kù kún igi, ẹ má fi rọ́pò igi.

Bí bọ́ílà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ààrò ńlá kan wà láàárín rẹ̀, omi sì yí ààrò náà ká. Ẹ̀rọ kékeré kan ń ṣọ́ ìgbóná omi. Bí omi bá tutù ju ìwọ̀n tí a fi í sí lọ, ẹ̀rọ yìí yóò ṣí ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tàbí kó tan fáànù, iná yóò sì sọ. Bí omi bá ti dé nǹkan bí 180 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, yóò pa ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ dé, igi yóò sì máa rú èéfín láìjó títí ilé yóò fi tún béèrè ooru. Àwọn wákàtí tí iná fi ń dúró bẹ́ẹ̀ ni àrùn bọ́ílà ìta. Ògiri ààrò kò lè gbóná ju omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni èéfín igi nílò ooru tó tó nǹkan bí 1,100 Fahrenheit kí òun náà tó lè gbiná. Èéfín tí kò bá gbiná ni ooru tí ẹ ti fowó rà, tó wá ń gba ojú ọ̀run lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ irin bí ọ̀dà dúdú, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní creosote. Ó ní èròjà kíkan nínú, ó sì ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù kò yí ìwà yìí padà. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Iná tí a sé afẹ́fẹ́ mọ́ yóò rú èéfín, ì báà jẹ́ igi tó gbẹ jù lọ láyé la kó sínú rẹ̀.

Ní ti búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀, ohun tó dára ni. Ìyẹ̀fun pákó àti ìfá igi ni wọ́n ń lò, tí wọ́n ti gbẹ títí omi inú rẹ̀ kò fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ alágbára tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Èyí tó mọ́ kì í ní gọ́ọ̀mù. Lignin, èròjà inú igi tó ń so ara igi pọ̀, ló ń rọ̀ nígbà tí ooru àti agbára ẹ̀rọ bá mú un, tó sì ń dì nígbà tó bá tutù. Ẹ ju ọ̀kan sínú korobá omi, yóò rì, nítorí pé ó ki ju omi lọ. Ẹ dúró díẹ̀ sí i, ẹ ó rí i tí ara rẹ̀ ń là, tó ń wú, tó sì ń padà di ìyẹ̀fun tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi èyí tó ní ìda nínú, tí wọ́n ń tà fún iná ọ̀ṣọ́ inú ilé, kún un rárá. Ìda á yọ́, á sì ṣàn lọ sí ibi tí ẹ kò fẹ́ kí iná dé.

* * *

Òǹkàwé kan láti Wisconsin dá sí i: ara náílọ́ọ̀nù búlọ́ọ̀kù tí òun ń rà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé tọ́ọ̀nù kan bá kọ́ọ̀dù kan dọ́gba, òun sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí náà òun kò mọ ohun tí a tún ń bá ara wa fà.

Irú igi wo lẹ ń sun tẹ́lẹ̀? Ìbéèrè tó yanjú rẹ̀ nìyẹn. Kọ́ọ̀dù jẹ́ ìwọ̀n àyè: igi tí a tò ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin sí mẹ́jọ, èyí tó jẹ́ 128 bí a bá sọ gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ di púpọ̀ (cubic feet). Tọ́ọ̀nù jẹ́ ìwọ̀n ìwúwo, páùn 2,000 ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀kan wé èkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú igi tó wà nínú kọ́ọ̀dù náà. Páùn búlọ́ọ̀kù kan ń mú nǹkan bí Btu 8,000 wá (Btu ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ooru ní Amẹ́ríkà), nítorí náà tọ́ọ̀nù kan jẹ́ mílíọ̀nù 16. Kọ́ọ̀dù oak pupa, igi líle tó wúwo, bó bá gbẹ dáadáa, jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 24. Kọ́ọ̀dù aspen, igi fúyẹ́fúyẹ́ tó pọ̀ ní Minnesota àti Wisconsin, kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 15 lọ. Ẹni tó ń sun aspen lè fọwọ́ sọ̀yà pé òótọ́ ni wọ́n kọ sára náílọ́ọ̀nù. Ẹni tó ń sun oak yóò ra tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ kó tó rí ooru kọ́ọ̀dù kan gbà.

Ìdí kejì tí àwọn èèyàn fi ń búra pé tọ́ọ̀nù kan tó kọ́ọ̀dù kan ni pé igi tútù ni wọ́n fi wé e. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ omi ní ìdajì ìwúwo rẹ̀. Nínú páùn kan irú igi bẹ́ẹ̀, ìdajì páùn péré ló lè jó, apá kan ooru rẹ̀ yóò sì lọ sórí sísọ omi náà di oruku. Ṣùgbọ́n oruku yẹn kọ́ ni ó ń jẹ owó jù. Ohun tó burú jù ni pé omi náà ń mú ààrò tutù débi pé èéfín kò lè gbiná mọ́, èéfín sì ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú ooru igi dání. Ẹni tó bá kúrò lórí igi tútù bọ́ sórí búlọ́ọ̀kù yóò rí ìyàtọ̀ tó ya ni lẹ́nu. Ẹni tó bá kúrò lórí igi tútù bọ́ sórí igi gbígbẹ náà yóò rí i, owó tó sì máa ná kéré púpọ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ẹ jẹ́ ká fi iye àfiṣàpẹẹrẹ ṣe é, kí kálukú fi iye tó wà ládùúgbò rẹ̀ rọ́pò.

Ká ní tọ́ọ̀nù búlọ́ọ̀kù kan jẹ́ $350. Bí a bá pín in sí mílíọ̀nù Btu 16, mílíọ̀nù kan á jẹ́ nǹkan bí $22. Ká ní kọ́ọ̀dù oak gbígbẹ kan jẹ́ $300. Mílíọ̀nù kan á jẹ́ $12.50. Gálọ́ọ̀nù gáàsì propane kan ní nǹkan bí Btu 91,500 nínú. Bó bá jẹ́ $2.50, mílíọ̀nù kan á jẹ́ nǹkan bí $27. Ibi tí àwọn òǹtàjà máa ń dá ìṣirò dúró sí nìyẹn, wọ́n á ní ẹ ò rí i pé búlọ́ọ̀kù dín ju gáàsì lọ.

Ẹ má dá a dúró síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ooru tó wà nínú igi ló ń dé yàrá yín. Bọ́ílà ìta àtijọ́ lè má fi ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́ sínú ilé. Ìyókù gba ihò èéfín lọ, apá kan sì sọnù sínú ilẹ̀ bí páìpù abẹ́ ilẹ̀ kò bá ní aṣọ tó nípọn. Ẹ̀rọ gáàsì tó dára ń lo ju ìdá 90 lọ. Nítorí náà, mílíọ̀nù Btu kan tó wọ yàrá yín láti inú búlọ́ọ̀kù á ná yín ní nǹkan bí $55, ti oak gbígbẹ á jẹ́ nǹkan bí $31, ti gáàsì á jẹ́ nǹkan bí $30. Pẹ̀lú iye wọ̀nyí, ẹni tó ń kó búlọ́ọ̀kù nìkan sínú bọ́ílà àtijọ́ ń san iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó gáàsì, ó sì tún ń jí láàárọ̀ kùtùkùtù láti gbé ẹrù nínú yìnyín.

Ẹnì kan láti Michigan ta kò mí níbí, àtakò rẹ̀ sì ní ìtumọ̀. Ó ní ìdá 40 yẹn jẹ́ ti ẹni tó ń sun igi tútù, pé búlọ́ọ̀kù gbígbẹ fúnra rẹ̀ ń mú kí bọ́ílà ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Mo gbà. Ká wá gbé e lọ sí ìdá 55. Nǹkan bí $40 ló ṣì jẹ́ fún mílíọ̀nù kan, gáàsì ṣì dín jù ú lọ. Bọ́ílà tó ń mú ìdá 75 nìkan ni búlọ́ọ̀kù ti ń bá gáàsì dọ́gba ní nǹkan bí $29. Bí gáàsì bá wọ́n ládùúgbò yín, tàbí tí ilé yín ń lo epo, tàbí tí ẹ kò ní ẹ̀rọ mìíràn yàtọ̀ sí bọ́ílà, èsì rẹ̀ á yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ dé yàrá, ẹ má ṣírò rẹ̀ mọ sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀.

* * *

Bí a ṣe ń sun ún

Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Ààrò bọ́ílà ìta fẹ̀ débi pé ó máa ń wu èèyàn láti kún un dẹ́nu kó lè lọ sùn. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí iná fi lè mú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ilẹ̀kùn kò bá sì dé pátápátá, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ń yọ́ wọlé tó láti gbé omi láti 180 dé 212, ibi tó ti ń hó. Omi tó hó á tú jáde, ẹ̀yìn náà ni bọ́ílà á máa jó pẹ̀lú omi tí kò kún un mọ́. Ohun tí aládùúgbò yín ọ̀tún ń bẹ̀rù nìyí, ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í sì í ṣe lásán.

Nítorí náà, kí ẹ tó sun búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, ẹ yẹ okùn tó yí etí ilẹ̀kùn ààrò ká wò. Nígbà tí bọ́ílà bá tutù, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ègé ìwé pẹlẹbẹ kan, kí ẹ sì fà á. Bí ìwé náà bá dì mọ́ ibẹ̀ tó sì fẹ́ ya, okùn náà dára. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ ṣe é yí gbogbo etí ilẹ̀kùn ká, pàápàá lápá ìsàlẹ̀, níbi tí eérú máa ń há sí. Okùn tuntun kò wọ́n.

Ní ìhà àríwá New York, níbi tí mo ń gbé, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń wọ́ ẹyin iná síwájú, n ó to búlọ́ọ̀kù díẹ̀ sórí rẹ̀ kí wọ́n fara kanra pẹ́kípẹ́kí, láìsí àlàfo, nítorí pé ojú tí afẹ́fẹ́ bá kàn ni iná ń jẹ. Lẹ́yìn náà ni n ó gbé igi ńlá méjì tàbí mẹ́ta lé e lórí. Búlọ́ọ̀kù á mú kí ààrò gbóná kíákíá, igi ńlá á mú kí iná náà pẹ́. N kò jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ẹrù kan. Búlọ́ọ̀kù máa ń wú bó bá ti ń jó, nítorí náà mo máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀kùn. N kì í fi irin gún un, nítorí pé bó bá fọ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ á gbiná lójijì.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa. Bí iná bá ti wà ní ipò ìdúró, gáàsì èéfín ti kún inú ààrò. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, afẹ́fẹ́ á rọ́ wọlé, gáàsì náà á sì gbiná sí ojú yín. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́, ẹ dúró díẹ̀ kí èéfín gba òkè lọ, ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn ńlá ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ tún dúró, kí ẹ tó ṣí i tán. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ dúró sí. Ẹ má dúró sí ọ̀kánkán.

* * *

Ibi ìpamọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Tápólì tí a fi bo igi kò tó láti fi bo búlọ́ọ̀kù, nítorí ọ̀rinrin ilẹ̀ nìkan tó láti wú ìpele ìsàlẹ̀. Inú gáréèjì tàbí inú abà ló yẹ kó wà, lórí páléètì rẹ̀, kí náílọ́ọ̀nù má tú àyàfi èyí tí ẹ fẹ́ lò. Òǹtàjà kan ti gbé páléètì wá fún mi rí tí náílọ́ọ̀nù rẹ̀ ti ya lórí ọkọ̀. Òjò ti wọ ìpele òkè, gbogbo rẹ̀ sì ti wú bíi búrẹ́dì tí a rì sínú tíì. Ó kọ̀ jálẹ̀, kò gbà á padà, ó ní mo ti fọwọ́ sí ìwé. Ẹ tú etí páléètì wò kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

* * *

Òǹkàwé kan láti Ìbàdàn ya bàrá díẹ̀. Ó ní òkìtì ìyẹ̀fun pákó tó máa ń jóná lásán tẹ́lẹ̀ létí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Òkòbàbá, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, pọ̀ jù. Kí ló dé tí a kò fi ń tẹ irú rẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì?

Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ sì kan ọ̀rọ̀ wa. Ìyẹ̀fun tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú tútù ní omi púpọ̀ nínú, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ kò lè tẹ ìyẹ̀fun tútù kó dì. Púpọ̀ nínú búlọ́ọ̀kù tí a ń rà níhìn-ín wá láti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ilẹ̀ pákó àti àga, níbi tí wọ́n ti gbẹ pákó nínú ilé ooru kí wọ́n tó fi ayùn kàn án. Wọ́n ti san owó gbígbẹ náà sórí àga. Níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú tútù, ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni yóò ru owó gbígbẹ àti owó iná mànàmáná, ibẹ̀ ni èrè ti ń sọnù.

Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti mọ ohun kan tó ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á fi ìgò sí àárín agolo ńlá, wọ́n á ki ìyẹ̀fun pákó yí i ká pinpin, wọ́n á wá yọ ìgò náà. Ihò tó kù ni iná ń gbà jó, ó sì lè wà níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, nítorí pé inú ihò nìkan ni afẹ́fẹ́ ti ń rí ara ìyẹ̀fun náà. Bí wọ́n bá da ìyẹ̀fun kan náà sílẹ̀ gbàlàlà sórí iná, á jó tán kí omi ẹ̀kọ tó hó. Èyí ló fà á tí mo fi ní kí ẹ to búlọ́ọ̀kù pẹ́kípẹ́kí nínú bọ́ílà. Òun náà ló fà á tí búlọ́ọ̀kù gígùn onígun mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Pini Kay, tó ní ihò láàárín, fi ń yára mú iná ju àwọn tó dà bíi bíríkì lọ.

* * *

Ẹnì kan béèrè nípa bọ́ílà tuntun, èyí tó ń fi fáànù fa èéfín gba ihò tóóró lọ sí yàrá kejì níbi tí èéfín náà ti ń jó. Irú èyí ló dára jù, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dandan: àjọ EPA, tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, gbé òfin kan jáde ní 2015, láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni wọn kò sì ti gbọ́dọ̀ ta bọ́ílà tuntun tí èérí èéfín rẹ̀ bá ju páùn 0.10 lọ fún mílíọ̀nù Btu kan, tàbí 0.15 fún èyí tí wọ́n fi igi ìdáná lásán dán wò. Òfin náà kò ní kí ẹ yọ èyí tó ti wà nílé yín tẹ́lẹ̀. Ìpínlẹ̀ àti ìlú lè ní tiwọn. Ní New York, láti 2011, bọ́ílà ilé gbígbé tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 100 sí ààlà ilẹ̀, ihò èéfín rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ìlú yín, kí ẹ sì ka ìwé tó bá bọ́ílà wá, nítorí pé sísun ohun tí ìwé náà kò fọwọ́ sí lè ba gàráńtì jẹ́.

Ó yà mí lẹ́nu pé nínú àwọn bọ́ílà tuntun wọ̀nyí gan-an ni búlọ́ọ̀kù nìkan ti lè gbẹ jù. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ṣe fún igi tí omi rẹ̀ wà láàárín ìdá 15 sí 25. Bí ohun tí ẹ kó sí i bá gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gáàsì á máa jáde ju afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ lọ, ẹ ó sì máa gbọ́ tí bọ́ílà ń mí pù-pù-pù, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Níbí náà, igi díẹ̀ láàárín rẹ̀ ló ń yanjú rẹ̀.

Èmi fẹ́ràn búlọ́ọ̀kù jù níbi tí táǹkì ńlá bá wà lẹ́yìn bọ́ílà láti tọ́jú omi gbígbóná. Omi gálọ́ọ̀nù 1,000 tó gòkè láti 140 dé 180 gbé nǹkan bí Btu 330,000 pamọ́. Nǹkan bí páùn 55 búlọ́ọ̀kù ló lè ṣe é nínú bọ́ílà tó ń mú ìdá 75. Ẹ ó wọn ọ́n, ẹ ó tò ó, yóò jó geere láìdúró títí yóò fi kú, ilé á sì máa fa ooru inú táǹkì ní ìrọ̀rùn rẹ̀. Kò sí ìdúró, kò sí ọ̀dà dúdú. Pé gbogbo búlọ́ọ̀kù rí bákan náà, tí ìwúwo wọn dọ́gba, ibí yìí ló ti ń sanwó rẹ̀ padà. Nínú bọ́ílà àtijọ́ tí kò ní táǹkì, àǹfààní yẹn ń ṣòfò ni.

* * *

Oníbéèrè padà wá: ó dúpẹ́, ó ní bọ́ílà tiwọn jẹ́ ti àtijọ́, kò ní táǹkì, ilé sì ní ẹ̀rọ gáàsì propane tí wọ́n kì í sábà lò. Oak àti ash ló wà nínú igi tí wọ́n bá nílẹ̀. Ó ní, tọ́ọ̀nù mélòó ni kí àwọn rà?

Ẹ ra ẹyọ kan. Bí òǹtàjà bá ní ẹ̀dínwó wà fún mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó mú ẹ̀dínwó rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ra mítà kékeré tó ń wọn omi inú igi. Ẹ má fi gún ẹ̀yìn igi tí oòrùn ti ń pa. Ẹ la igi náà, kí ẹ fi gún ojú tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Èyí tí omi inú rẹ̀ bá wà lábẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ sun ún láìfi nǹkankan kún un. Èyí tó bá wà láàárín 20 sí 30, òun ni kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù ràn lọ́wọ́. Èyí tó bá ju 30 lọ, ẹ má sun ún lọ́dún yìí rárá, búlọ́ọ̀kù kò lè gbà á là, ẹ kàn fẹ́ fi igi olówó gọbọi gbẹ igi tútù ni. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú ash náà ti súnmọ́ ìwọ̀n tó yẹ, nítorí pé ash kì í ní omi púpọ̀ nínú bíi oak kódà lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, àti nítorí pé ọ̀pọ̀ igi ash ní ìpínlẹ̀ yín ti kú lórí ìdúró. Emerald ash borer, kòkòrò aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ́kọ́ rí nítòsí Detroit ní 2002, tó sì dé Minnesota ní 2009, ló ń pa wọ́n. Nítorí kòkòrò yìí, ẹ má ra igi láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹ má sì gbé tiyín lọ fún ẹlòmíràn. Búlọ́ọ̀kù kò ní irú ìdààmú yẹn, kòkòrò kankan kì í la gbígbẹ àti ìtẹ̀pọ̀ náà já, mo sì ka ìyẹn sí ọ̀kan lára oore rẹ̀.

Ẹ tọ́jú búlọ́ọ̀kù náà fún oṣù kìíní àti oṣù kejì, nígbà tí òtútù bá le tó bẹ́ẹ̀ tí iná kò ní ráyè dúró. Ní oṣù kẹwàá àti oṣù kẹrin, tí ilé kò béèrè ooru púpọ̀, bọ́ílà ìta á máa dúró ju bó ṣe ń jó lọ. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí bọ́ílà sinmi, kí ẹ tan ẹ̀rọ gáàsì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní bọ́ílà kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn, wọ́n á ní torí kí àwọn má baà ra gáàsì ni àwọn ṣe ní bọ́ílà. Síbẹ̀, inú oṣù wọ̀nyí ni igi ń ṣòfò jù, inú wọn náà sì ni àwọn aládùúgbò ń ṣí fèrèsé wọn, tí èéfín yín yóò wọlé tọ̀ wọ́n lọ.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ la oak náà, kí ẹ tò ó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí orí rẹ̀ wà ní bíbò, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọdún méjì ni oak máa ń gbà kó tó gbẹ dénú.